Sípíkà Ẹ̀yìn fún Ọkọ̀ Bùkárì

Bí ẹ bá fẹ́ bí mi nínú láàárọ̀, ẹ gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kí ẹ ní kí n bá yín fi sípíkà sí ẹ̀yìn. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń dá ṣiṣẹ́ ní Òmù-Àrán ni mo ti ń bá àwọn oníbàárà fà á, mi ò sì tíì rí ẹni tó fún mi ní èsì gidi. Ẹni tó ń kọrin fúnni kì í dúró sẹ́yìn ẹni. Alfa tó ń ṣe wáàsí, iwájú ló ń dúró sí. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Sípíkà méjì tó dára níwájú, wáyà tó nípọn, kí a fi rọ́bà dí inú ilẹ̀kùn kó má máa gbọ̀n, ó parí. Ẹni tó bá tún gbé méjì sẹ́yìn, ariwo ló rà, kì í ṣe orin, àfi tó bá jẹ́ pé ó ń gbé èrò sẹ́yìn lójoojúmọ́.

Fulera lorúkọ mi. Iṣẹ́ riwáyà, ìyẹn títún iná àti rédíò ọkọ̀ ṣe, iṣẹ́ ọkọ mi ni kó tó kú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, níbi tí mo ti ń bá a tan tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó kú, àwọn ènìyàn rò pé n ó ta irinṣẹ́, n ó sì lọ máa ta gaàrí. Wọ́n ṣì ń retí.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni Bùkárì gbé ọkọ̀ rẹ̀ aláwọ̀ eérú wá. Ará Èsìẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti tó ogún ọdún tó ti ń gbé Èkó. Ìyá rẹ̀ ni Jàrátù, àwọn tí wọ́n ń ta òrí lọ́jà wa kí wọ́n tó dàgbà jù fún ọjà. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, mo mọ ohùn wọn tó há díẹ̀, tí kì í pariwo bí ti àwọn ọlọ́jà yòókù. Èkó ni wọ́n ní wọ́n kú sí, lọ́dọ̀ Bùkárì, òun ló sì fi ọkọ̀ yìí gbé òkú wọn wálé lọ́jọ́ náà gan-an, kí a lè tètè sin wọ́n bí ẹ̀sìn ṣe wí. Àwọn obìnrin tó wẹ̀ wọ́n sọ ọ́ káàkiri pé pẹ̀lú gbogbo ìrìn láti Èkó, oríkèé ara wọn ṣì rọ̀ bí ti ẹni tó ń sùn. Gbogbo wa ní àmì ẹni rere ni. Èmi náà wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí ni wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ wọn. Bùkárì gbé ìyàwó rẹ̀ Yusrah àti àwọn ọmọ méjì wá fún un, wọ́n sì fẹ́ padà sí Èkó lọ́jọ́ Àìkú. Sípíkà méjì wà nínú bútù rẹ̀, ńlá, tí wọn ò tíì tú ọ̀rá lára wọn. Ó ní ẹ̀yìn ni kí n gbé wọn sí. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwàásù mi. Àwọn yòókù a máa bá mi jiyàn, wọ́n á ní àwọn fẹ́ kí àwọn ará ilé epo gbọ́ bí àwọn bá ń kọjá. Bùkárì kò jiyàn. Ó kàn dúró bí ẹni tó ń dúró kí òjò dá.

Mo wá bi í léèrè ìbéèrè tí mo fi máa ń mú gbogbo wọn. Mo ní, "Ta ló ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní kò sẹ́nì kankan. Ó tún un sọ, bẹ́ẹ̀ ni n kò bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Bí ọkọ mi ṣe kọ́ mi níṣẹ́ ni pé kí n tó fọwọ́ kan rédíò ọkọ̀ kankan, kí n kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, kí n ti gbogbo ilẹ̀kùn, kí n pa ẹ́ńjìnnì, kí n gbọ́ bí ọkọ̀ náà ṣe ń dákẹ́. Kò sí ọkọ̀ méjì tí ìdákẹ́ wọn jọra. Irin kan á máa ké nínú òmíràn, atẹ́gùn á máa gba etí ilẹ̀kùn òmíràn wọlé. Bí o kò bá mọ bí ọkọ̀ ṣe ń dákẹ́, o ò lè mọ ibi tí ariwo rẹ̀ ti ń wá. Nítorí náà mo wọlé, mo jókòó síwájú, mo ti ilẹ̀kùn. Bùkárì fẹ́ dá mi dúró, ṣùgbọ́n mo ti tì í.

Oòrùn ń ta. Mo ń wo ọ̀nà níwájú, obìnrin kan ń gbé igbá iṣu kọjá. Mo gbọ́ tí ìjókòó ẹ̀yìn dún díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó dùbúlẹ̀ bá yí ara padà. Ohùn kan wá sọ lẹ́yìn mi, nísàlẹ̀, wẹ́rẹ́, láìbínú, "Àlàó, ṣé a ti dé?"

Orí mi wú. Mo yí padà, kò sí nǹkan kan lórí ìjókòó náà àyàfi bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan. Mo ní rédíò ni. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ ohun tí rédíò lè ṣe. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tú orí bátìrì. Mo lọ sí ẹ̀yìn, mo ká aṣọ tó wà lábẹ́ gíláàsì sókè. Ihò méjì ló wà níbẹ̀, ṣófo, eruku wà nínú wọn, kò sí wáyà kankan tó dé ibẹ̀ rí. Mo padà wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n èmi kì í fẹ́ kí ọkọ̀ borí mi. Kò pẹ́ tí ohùn náà tún fi béèrè. Lọ́tẹ̀ yìí mo mọ ẹni tó ni ín. Mo ti ra òrí lọ́wọ́ ohùn yẹn rí.

Mo jáde. Bùkárì wo ojú mi, ó sì jókòó sórí táyà kan. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá òun lòun ti ń gbọ́ ọ, àwọn nìkan ló sì ń pe òun ní Àlàó. Ó ní òun ti gbé ọkọ̀ náà fún riwáyà mẹ́ta l'Ékòó. Méjì kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnì kẹta sá jáde, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ sípíkà ẹ̀yìn. Ó ní bí sípíkà bá wà níbẹ̀, ohunkóhun tó bá ti ẹ̀yìn sọ̀rọ̀, òun á lè sọ pé sípíkà ni, àwọn ọmọ, tí wọ́n sùn lọ nígbà tí wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n á tún jókòó síbẹ̀ títí dé Èkó, kò ní gbọ́ ohun mìíràn.

Mo bi í bóyá ó pe ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà. Nílé tiwa, bí ẹnìkan bá kú sí ìdálẹ̀ tí a sì ń gbé e bọ̀, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa bá a sọ̀rọ̀. Láti ibi tó ti kú gan-an lonítọ̀hún ti máa bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá dé orí afárá, á ní, "Odò rè é, ẹ jẹ́ ká sọdá." Tí wọ́n bá dé oríta, á dárúkọ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ yà sí, títí wọ́n á fi délé. Àwọn alfa kan kò fẹ́ ẹ. Mo mọ ọ̀kan tó máa ń bú u nínú wáàsí, òun náà ló sì pe bàbá rẹ̀ sọdá gbogbo odò láti Ìlọrin títí ohùn rẹ̀ fi há.

Bùkárì ní òun kò pè wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. Mo ní òun ló sọ ìyá rẹ̀ nù sójú ọ̀nà, mo ní bó bá tún fi sípíkà bò wọ́n mọ́lẹ̀, tó gbé wọn padà sí Èkó lọ́jọ́ Àìkú, ta ló máa mú wọn wálé? Mo ní kó lọ sí Èkó lóòótọ́, kó lọ dúró níbi tí wọ́n kú sí, kó pè wọ́n láti ibẹ̀ bọ̀ wá sí Èsìẹ́. Mo ti ń ka odò fún un lórí ìka nígbà tó dá mi dúró.

"Wọn ò kú sí Èkó," ó wí.

Ọ̀rọ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀. Dókítà ti sọ pé kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe. Ìyá náà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí òun kú sí ilẹ̀ onílẹ̀, kí wọ́n gbé òun lọ sílé kí òun lọ kú níbẹ̀. Bùkárì tẹ́ wọn sẹ́yìn ọkọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbá, ó sì gbéra. Òun nìkan ni, kò sì tíì sùn fún òru méjì. Láti Ìbàdàn ni ìyá náà ti ń béèrè bóyá àwọn ti dé. Ó dá wọn lóhùn títí dé Òṣogbo, ó dá wọn lóhùn títí kọjá Ìkìrun. Nígbà tó dé Ọ̀ffà, ọ̀rọ̀ náà sú u.

"Mo ní kí n sinmi díẹ̀ lásán," Bùkárì wí. "Mo yí rédíò sókè títí mi ò fi gbọ́ wọn mọ́. Nígbà tí mo dé ilé wa, tí mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n ti lọ. Mi ò mọ ibi tí mo ti máa pè wọ́n, Àńtí Fulera. Mi ò gbọ́ ìgbà tí wọ́n dákẹ́."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Mùínàt, jáde síta tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ohun tó kọ́kọ́ wá sí Bùkárì lẹ́nu ni pé Èkó ni wọ́n kú sí. Ó bẹ̀rù kí Mùínàt má bi í ìdí tí kò fi yà sí ọsibítù l'Ọ́ffà. Láti ọjọ́ náà ni irọ́ náà ti wà nílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú, ó ní, ni pé ọkàn òun sọ fún òun pé kété tí òun yí rédíò sókè ni wọ́n kú. Wọn kò pẹ́ lẹ́yìn tó gbọ́ wọn kẹ́yìn. Wọn kò jìyà.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí. Lẹ́yìn náà mo rántí àwọn òru tí ọkọ mi fi ń kérora nígbà àìsàn rẹ̀, tí èmi náà dijú bí ẹni tó ti sùn nítorí ó ti rẹ̀ mí láti dìde. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọwọ́ tí mo fẹ́ fi gbá a, mo fi nu ojú ara mi.

Mo sọ fún un pé n kò ní fi sípíkà kankan sẹ́yìn ọkọ̀ náà. Mo ní òun mọ ibi tó ti gbọ́ wọn kẹ́yìn, ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo yọ rédíò náà kúrò pátápátá, mo dì í sínú àpò, mo sì gbé e sí ṣọ́ọ̀bù.

Àárọ̀ Sátidé ni a lọ sí Ọ̀ffà. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé epo kan tó ti kógbá sílé, Bùkárì yí ọkọ̀ padà, ó kọjú rẹ̀ sílé. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo di bẹ́líìtì mi. A kò tíì rìn jìnnà tí ohùn náà fi dé.

"Àlàó, ṣé a ti dé?"

Bùkárì kò gbójú kúrò lọ́nà. Ó ní, "Ó kù díẹ̀, Màmá. Ọ̀ffà la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò." Ọkọ̀ ń lọ. Ó gbé etí sẹ́yìn, mo sì mọ ohun tó ń retí: kí ohùn náà dákẹ́ níbẹ̀, kí òun lè sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Afárá kékeré kan dé, ó ní, "Odò rè é, Màmá, ẹ jẹ́ ká sọdá," ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú àna. A sọdá. Ìdákẹ́jẹ́ wà fún ìgbà díẹ̀, mo rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

A dé Àjàṣẹ́. A ń yí síbi oríta, àwọn tó ń ta ọsàn ń na ọwọ́ sí wa, nígbà tí ìjókòó ẹ̀yìn dún.

"Àlàó, omi."

Bùkárì tẹ bíréèkì tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi bú wa. Kò gbọ́ èyí rí. Nínú gbogbo ogójì ọjọ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í, èyí tó gbọ́ létí ara rẹ̀ kó tó yí rédíò sókè. Èyí tí a ń gbọ́ báyìí ni èyí tí rédíò bò. Mo mọ̀ ọ́n kí Bùkárì tó mọ̀ ọ́n, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ó ṣí ike omi, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, ó dì í mú síbẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Kò sẹ́ni tó gbà á.

Mo ní kí a dúró díẹ̀. Ó ní rárá. Ó ń sunkún, ó sì ń wa ọkọ̀, ó ń dárúkọ gbogbo ibi tí a ń kọjá, kì í ṣe odò nìkan mọ́, ilé ìwé, ọjà, ibi tí wọ́n ti ń gún gbágùúdá. Ohùn náà ní ó rẹ òun. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Nígbà tí a wọ ìlú Ọ̀rọ̀, ó ní, "Bá mi dín rédíò yẹn kù, ọmọ mi." Ihò dúdú tí wáyà yọ jáde láti inú rẹ̀ nìkan ló wà níwájú wa, n kò gbọ́ orin kankan, ṣùgbọ́n ọwọ́ Bùkárì lọ síbẹ̀, ìka rẹ̀ sì ń yí ohun tí kò sí níbẹ̀ sílẹ̀, ó ń yí i, ó ń yí i.

"Mo ti dín in kù, Màmá. Ẹ má bínú. Mo ti dín in kù."

A yà sí ọ̀nà Èsìẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ dé, èyí pẹ́. Oko wà lápá ọ̀tún, oko wà lápá òsì, kò sẹ́nì kankan lójú ọ̀nà. Bùkárì rọra dúró sí ẹ̀bá ibẹ̀. Ó ní bóyá ibí ni. Ó bi mí bóyá ibí ni, bí ẹni pé èmi ni mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni a wà tí ohùn náà fi tún sọ̀rọ̀, ó ti rẹlẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó ti yàtọ̀, inú rẹ̀ ti dùn.

"Mo rí orí mángòrò mọ́ṣáláṣí."

Mángòrò náà ṣì jìnnà sí ibi tí a wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, orí igi nìkan ló lè máa rí láti ojú gíláàsì, ìgbà tó bá sì dé tòsí rẹ̀ ni. Bùkárì tún gbéra. Ó wa ọkọ̀ wọ ìlú bí ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́, ó kọjá lábẹ́ mángòrò náà, ó yà, ó dúró sí ojúde ilé ìyá rẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

Ó wá sọ fún mi ohun tí kò tíì sọ. Lọ́jọ́ náà, nígbà tó dé ibí, kò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gbé orí lé ìtọ́kọ̀, ó jẹ́ kí rédíò máa sọ̀rọ̀ lọ, nítorí ó mọ̀ pé tí òun bá pa á, iṣẹ́ ìtọ́jú á tún bẹ̀rẹ̀. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kò tíì sọ ọ́ tán tí a gbọ́ tí ìyá náà mí lẹ́yìn wa. Àárẹ̀ ti kúrò nínú ohùn wọn. Mo gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lọ́jà.

"Àlàó, o ṣé. O gbé mi délé. Ọlọ́run á gbé ìwọ náà délé. Àwọn ọmọ rẹ á gbé ọ délé."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́. Mo dúró, mo fetí sílẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, kò sí. Irin ẹ́ńjìnnì ń tutù, ó ń ta tọ́, tọ́. Bùkárì jókòó, ẹnu rẹ̀ ṣí, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Mo ní kó ṣe àmín. A kì í fi àdúrà ìyá sílẹ̀ láìṣe àmín sí i. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì kí àmín náà tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Mùínàt ti gbọ́ ọkọ̀, ó jáde wá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń bi wá pé kí la jókòó sínú ọkọ̀ ṣe. Bùkárì sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu, ó sì dì í mú bí wọ́n ṣe ń dì í mú fún àgbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jókòó. Mùínàt kò jókòó, ó ń wo ojú rẹ̀.

"Màmá ò kú sí Èkó," ó sọ fún un. "Ojúde yìí ni wọ́n kú sí, Àńtí Mùínàt. Wọ́n ń ṣàdúrà fún mi, mi ò sì gbọ́."